IRÚ ẸJA WO? ÀLÀYÉ LÓRÍ ORÍṢIRÍṢI JẸJẸRẸ ỌYÀN

Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Olúwo ní ìlú Ẹ̀pẹ́ rí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ni "ẹja", ṣùgbọ́n ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà pọ̀ lọ jàra. Àrọ̀ wà níbẹ̀, epìyà wà níbẹ̀, òbòkún náà wà níbẹ̀. Ibùgbé wọn nínú omi kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ wọn kò rí bákan náà. Nítorí náà ni apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi mú irinṣẹ́ kan ṣoṣo lọ sí odò. Ó mọ èyí tí àwọ̀n ń kó, ó mọ èyí tí ìwọ̀ ń fà, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ pé inú ìgèrè ni òun yóò ti bá a. Bí ẹnì kan bá wí fún un pé, "Lọ pa ẹja wá fún mi," ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi olúwarẹ̀ ni pé, "Irú ẹja wo?"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àrùn tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín lónìí. Jẹjẹrẹ ọyàn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan yìí. Ìwà wọn kò dọ́gba, oògùn tí ó sì ń ṣẹ́gun ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní ohunkóhun. Àìmọ èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ kó obìnrin kan tí mo mọ̀ sí ewu ńlá. Ìtàn rẹ̀ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Obìnrin méjì kan wà tí òwò ẹja so pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó ti lé ní 60 ọdún, ń ta ẹja yíyan ní Ìkòròdú, ní àdúgbò tí èmi náà ń gbé. Àbúrò, ẹni ọdún 41, ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n sì ti ń ra ọjà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá ara wọn dòwò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn fi ń pe ara wọn ní ẹbí. Ní ọdún kan náà ni olúkúlùkù wọn rí kókó nínú ọyàn rẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, a sì sọ fún àwọn méjèèjì pé jẹjẹrẹ ọyàn ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì fún un ní oògùn oníhóró kékeré kan pé kí ó máa gbé ọ̀kan mì lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ní ti àbúrò, oògùn líle ni wọ́n ń fà sí i lára láti inú ìgò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Irun orí rẹ̀ re tán, èébì ń gbé e, oúnjẹ kò sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí wí tẹnu wọn. Àwọn kan ní ojúsàájú ni dókítà ń ṣe. Àwọn mìíràn ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń béèrè pé, "Àrùn kan náà ni, kí ló wá dé tí ìtọ́jú kò fi dọ́gba?"

Ní ọjọ́ kan, àbúrò wá sí Ìkòròdú, ó sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi díẹ̀ nínú hóró oògùn yín. N kò tún fẹ́ padà lọ gba ti inú ìgò yẹn mọ́." Àánú ṣe ẹ̀gbọ́n. Ó ti ka 30 hóró sínú bébà kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ó mọ̀wé léèrè. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Tísà, ẹ bá wa wo ohun tí wọ́n kọ síbí. Ṣé kì í ṣe àrùn kan náà ni?"

Mo ka ìwé méjèèjì. Mo lè pe àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò yé mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé oògùn ẹnì kejì rẹ̀ mì títí n ó fi dé. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, mo mú àwọn ìwé náà tọ dókítà kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi rí lọ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ náà ni èmi náà fẹ́ fi kọ́ yín.

Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́. Ara wa kún fún àwọn ohun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Bí búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ fún ilé ni sẹ́ẹ̀lì jẹ́ fún ara. Sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì nígbà tí ara bá nílò rẹ̀, a sì máa kú nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ tí ń darí sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, yóò máa pín láìdáwọ́ dúró, kò ní kú nígbà tí ó yẹ kí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa rọ́ lọ sí ibi tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀tẹ̀ inú ara yìí ni à ń pè ní jẹjẹrẹ. Ẹ tún gbọ́ orúkọ náà dáadáa: "jẹ" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ohun tí ń jẹ ara lọ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ fún mi pé ìbéèrè mẹ́ta pàtàkì ni ìwé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ ìdí tí ìtọ́jú kò fi lè dọ́gba.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé: níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ọyàn wé odò. Àwọn àpò kéékèèké tí wàrà ti ń sun ni orísun. Àwọn ọ̀nà tóóró tí wàrà ń gbà kọjá ni odò kéékèèké. Orí ọyàn sì ni ẹnu odò. Ìsọ̀rí bíi 15 sí 20 ni irú orísun bẹ́ẹ̀ wà nínú ọyàn kan, ọ̀rá ni ó sì yí wọn ká. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọyàn ni èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ lára ògiri àwọn ọ̀nà wàrà. Nínú ènìyàn 10 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn tí ń ràn, nǹkan bí 7 tàbí 8 ni ó jẹ́ irú èyí. Òun ni ó sábà máa ń di kókó líle tí ọwọ́ lè bà.

Oríṣi kejì ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn àpò wàrà. Kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú 10 ni í ní in. Ṣùgbọ́n alárékérekè ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa tò tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí eèrà tí ń gun ògiri, nítorí náà ó lè má di kókó rárá. Obìnrin náà lè kàn ṣàkíyèsí pé apá kan nínú ọyàn òun ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọyàn pàápàá kì í tètè rí i.

Ìbéèrè kejì ni pé: ṣé ó ti já ògiri? Ìgbà kan wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlọ́tẹ̀ wọ̀nyí ṣì há mọ́ inú ọ̀nà wàrà, tí wọn kò tí ì fọ́ ògiri rẹ̀ jáde. Jẹjẹrẹ tí ó ṣì wà nílé ni a lè pe èyí. Kò tí ì lè rìn lọ sí ibòmíràn, ìwòsàn rẹ̀ sì sábà máa ń rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá já ògiri, ó di jẹjẹrẹ tí ń ràn. Ibi tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ni àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní abíyá, tí í ṣe ibodè àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Bí ó bá kọjá níbẹ̀, ó lè dé egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ.

Ẹ má ṣe dá oríṣi àrùn pọ̀ mọ́ ibi tí àrùn rìn dé. Oríṣi ń sọ irú ọ̀tá tí à ń bá jà. Ibi tí ó dé ń sọ iye ìlú tí ó ti gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀tá tí kò lágbára lè gba gbogbo ilẹ̀ bí a bá fún un ní àyè, bẹ́ẹ̀ ni a sì lè lé èyí tí ó rorò jáde bí a bá tètè ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kí n tó kan ìbéèrè kẹta, ó yẹ kí n mẹ́nu ba oríṣi méjì tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí ń tan ènìyàn jẹ. Èkíní kì í mú kókó wá. Ọyàn yóò kàn wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò gbóná, àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n tàbí kí ó ṣókùnkùn, awọ rẹ̀ yóò sì rí págunpàgun bí èèpo ọsàn. Ìyá ọlọ́mọ lè rò pé wàrà ni ó dì, tàbí pé eéwo ni. Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn eéwo tí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sì kọjá láìsí ìyàtọ̀, kí ó yára padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí oríṣi yìí kì í fi àkókò ṣòfò. Èkejì a máa jáde ní orí ọyàn fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ yóò máa yún ni, yóò máa bó, yóò sì máa sun omi tàbí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa fi ìpara làpálàpá pa á fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Níhìn-ín, ẹ̀tẹ̀ náà ni ó gbé aṣọ làpálàpá wọ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ó tú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja méjèèjì palẹ̀: kí ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ? Gẹ́gẹ́ bí apẹja ti ń wádìí oúnjẹ ẹja kí ó tó de ìdẹ mọ́ ìwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń wádìí ohun tí ń mú jẹjẹrẹ dàgbà. Nínú ara obìnrin ni àwọn omi kan wà tí ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Họ́mónù ni wọ́n ń pè wọ́n. Estrogen àti progesterone sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ní ohun tí a lè fi wé ẹnu, tí ó fi ń gba àwọn họ́mónù wọ̀nyí bí oúnjẹ. Ní ọdún 1896, dókítà kan ní ìlú Glasgow, George Beatson, kọ̀wé pé nígbà tí òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, kókó náà súnkì. Láìmọ̀, ó ti gba oúnjẹ lẹ́nu àrùn náà, nítorí ilé ẹyin ni estrogen ti ń wá jù lọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni a ti ń lo oògùn oníhóró tamoxifen, tí ń dí ẹnu náà pa kí estrogen má lè wọ ibẹ̀. Òun ni hóró kékeré tí ẹ̀gbọ́n ń lò.

Àwọn jẹjẹrẹ mìíràn wà tí ohun kan tí ń jẹ́ HER2 pọ̀ jù lára wọn. Òun ni ó ń sún wọn láti máa dàgbà kánkán. Ní ọdún 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn trastuzumab, tí ń lọ lẹ̀ mọ́ HER2 tí kì í sì í jẹ́ kí ó ríṣẹ́ ṣe. Oríṣi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ènìyàn tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tí ó ní ohun ìjà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Oríṣi mìíràn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò gba estrogen, kò gba progesterone, HER2 kò sì pọ̀ lára rẹ̀. Kò sí ẹnu tí tamoxifen yóò dí. Oògùn líle tí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pín ni wọ́n sábà máa ń fi bá a jà. Irun orí pẹ̀lú ń ti inú sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pín hù, nítorí náà ni ó ṣe ń bá a lọ, tí yóò sì tún hù nígbà tí ìtọ́jú bá parí. Oríṣi yìí gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé àbúrò. Bí ó bá ti fi oògùn inú ìgò sílẹ̀ tí ó sì ń gbé hóró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mì, ṣe ni ìbá dà bí ẹni tí ó ju ìwọ̀ tí kò ní ìdẹ sínú omi, tí ó sì jókòó tì í fún oṣù púpọ̀, nígbà tí ọ̀tá ń rìn lọ.

Ọ̀rọ̀ oríṣi kẹta yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ìlú Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn obìnrin wa. Ní ọdún 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Ó fi hàn pé oríṣi tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́pọ̀ láàárín wọn ju bí ó ti wà láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe ní ilẹ̀ wa ni kò sì tí ì pé 50 ọdún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún obìnrin tí ó wà ní 35 ọdún pé àrùn àwọn arúgbó ni.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni a rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn ní ọdún 2022, nǹkan bí 670,000 ni ó sì kú nípa rẹ̀ ní ọdún náà. Ẹ̀yin ọmọkùnrin pẹ̀lú, ẹ tẹ́tí sílẹ̀: ọkùnrin ní ọyàn, bí ó tilẹ̀ kéré. Nínú 100 ènìyàn tí ó ní àrùn yìí, nǹkan bí ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé owó tí obìnrin ọlọ́jà ń fi sínú kọ́mú ni ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a ní àsàsí ọ̀tá ni. Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹnì kejì. Ọjọ́ orí, sísanra jù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, àti ọtí mímu a máa dá kún un. Fífún ọmọ ní ọyàn a sì máa dín in kù. Nínú àwọn ìdílé kan, àbùkù tí a jogún nínú ohun tí ń jẹ́ BRCA1 tàbí BRCA2, tí àwọn onímọ̀ rí ní ọdún 1994 àti 1995, ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń ṣe kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ń pa àwọn obìnrin wa jù ni ìpẹ́. Ìtìjú, ẹ̀rù àti àìlówó lọ́wọ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ilé ìwòsàn títí kókó yóò fi di egbò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Nínú ọyàn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin pàápàá, kókó kan wà tí ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí ọmọ òkúta inú omi, tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè fi ìdánilójú mọ ìyàtọ̀. Àfi kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀, kí a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Irọ́ ni pé abẹ́rẹ́ yìí ń tú jẹjẹrẹ ká. Òun ni ó ń sọ irú ẹja tí ó wà nínú omi fún wa.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè darí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní Ìdí-Àràbà, nínú ọgbà ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé orúkọ jẹjẹrẹ ni òpin ayé. Ní ọdún 1997 ni Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu mọ̀ pé òun ní jẹjẹrẹ ọyàn. Kò fi í pamọ́. Ó gba ìtọ́jú, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa àrùn náà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó wà láàyè gẹ́gẹ́ bí aya gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Nígbà tí mo padà dé tí mo ṣàlàyé fún àwọn obìnrin méjèèjì, ẹ̀gbọ́n tú bébà náà, ó sì da hóró rẹ̀ padà sínú ìgò. Àbúrò kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Kì í ṣe pé dókítà kórìíra mi nígbà náà. Ẹja tèmi ni ó yàtọ̀." Ó padà lọ parí ìtọ́jú tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì ń bá a lọ ní ọjọ́ tí ó bá kan oògùn. Irun rẹ̀ ti hù padà. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ní àkókò tí wọ́n dá fún un, ó sì ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ìyàwó baba yín bá sọ pé òun rí àyípadà kan nínú ọyàn òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dákẹ́. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sì sọ pé jẹjẹrẹ ni, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, "Irú èwo ni?" Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹja àti apẹja?
2. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ìwé àyẹ̀wò ń dáhùn? Ṣe àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣókí.
3. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin Ẹ̀pẹ́ bí ó bá ti lo oògùn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?
4. Báwo ni òwe "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá" ṣe bá ọ̀kan nínú àwọn oríṣi àrùn yìí mu?
5. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí ó ń bẹ̀rù láti lọ ṣe àyẹ̀wò kókó inú ọyàn rẹ̀.